Bààlúù Ogun: Ẹni Tó Sọ Ọ́ Lórúkọ, Ẹni Tó Yẹ̀ Ẹ́ Wò

  

Ọ̀rọ̀ bààlúù ajagun ni mo gbé wá lónìí, àwọn tí wọ́n fi ja ogun Hítílà. Mo fẹ́ sọ bí wọ́n ṣe ń rí orúkọ jẹ́, mo sì fẹ́ sọ ohun tí àwọn onímọ̀ fi wọ́n ṣe nígbà tí wọ́n bọ́ sọ́wọ́ wọn. Ẹni tó ń sọ bààlúù ogun lórúkọ fẹ́ dẹ́rù ba ọ̀tá, tàbí kó tajà. Ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò fẹ́ mọ òótọ́ nípa rẹ̀. Bí ẹ bá bi mí, ẹni kejì yìí ló ṣe wá lóore jù.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ tiwa. Láti ọdún 1941, ikọ̀ kan wà nínú ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Ikọ̀ 91 Nigeria. Spitfire ni wọ́n ń fò. Hawkinge ní Kent ni wọ́n fi ṣe ibùdó fún ìgbà pípẹ́, lẹ́bàá òkun tóóró tó ya ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Faransé sọ́tọ̀. Ẹ má rò pé ọmọ Nàìjíríà ló kún inú ikọ̀ náà o. Owó ilẹ̀ wa ló wà níbẹ̀. Nígbà náà, Lord Beaverbrook ni mínísítà tó ń mójú tó ṣíṣe bààlúù nílùú ọba. Wọ́n ṣètò pé ìlú tàbí ẹgbẹ́ tó bá lè kó £5,000 jọ yóò rí orúkọ rẹ̀ lára Spitfire kan. Iye tí wọ́n ń ná lórí ọ̀kan gan-an ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n wọ́n mọ bí a ṣe ń pọlówó ọjà. Àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso dá owó rẹpẹtẹ, wọ́n sì fi orúkọ àwọn kan nínú wọn pe odidi ikọ̀. Bí orúkọ Nàìjíríà ṣe dé ojú ọ̀run Kent nìyẹn. Ní ọjọ́ 12, oṣù Kejì, 1942, nígbà tí ọkọ̀ ogun Jámánì méjì, Scharnhorst àti Gneisenau, yọ́ gba inú òkun tóóró yẹn sá lọ, Bobby Oxspring tó jẹ́ olórí Ikọ̀ 91 wà lára àwọn tó fojú kàn wọ́n látòkè.

Orúkọ tí wọ́n kọ sára bààlúù kan ṣoṣo, owó lè rà á. Orúkọ tí irú rẹ̀ lápapọ̀ ń jẹ́ ní ìlànà tirẹ̀ lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tó ń ju bọ́ǹbù máa ń jẹ́ orúkọ ìlú, bíi Lancaster, Halifax, Stirling. Èyí tí wọ́n fi ń kọ́ni níṣẹ́ ń jẹ́ orúkọ ilé ẹ̀kọ́, bíi Oxford àti Harvard. Ti ajagun, èyí tó ń lé bààlúù ẹlòmíì kiri, orúkọ tó gbóná ni wọ́n ń wá fún un. Ilé iṣẹ́ Hawker bí mẹ́ta, ó sọ wọ́n ní Hurricane, Typhoon àti Tempest. Ìjì ni gbogbo wọn.

Ti Spitfire ló dùn mọ́ mi jù. Robert McLean ni ọ̀gá ní Vickers, ilé iṣẹ́ tó ni Supermarine tó ṣe bààlúù náà. Ó ní ọmọbìnrin kan, Ann, tí ara rẹ̀ gbóná bí iná, tí kì í gbà kí wọ́n rẹ́ òun jẹ. Orúkọ tí bàbá fi ń pe ọmọ yìí nílé nígbà tí inú rẹ̀ bá ń ru ló gbé fún bààlúù. R. J. Mitchell tó fi orí ara rẹ̀ ya bààlúù náà kò fẹ́ràn orúkọ yìí rárá. Wọ́n ní ó sọ pé irú orúkọ òmùgọ̀ tí àwọn ọ̀gá yẹn lè yàn náà nìyẹn. Ọjọ́ 5, oṣù Kẹta, 1936 ni Spitfire kọ́kọ́ fò. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹfà ọdún 1937, àrùn jẹjẹrẹ ti pa Mitchell, ẹni ọdún 42. Kò gbọ́ bí gbogbo ayé ṣe ń fi orúkọ tí kò fẹ́ yẹn kọrin.

Nọ́ńbà ni àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn. Lẹ́tà P ló ń ṣáájú nọ́ńbà bààlúù ajagun wọn, kó tó di pé wọ́n yí i sí F lọ́dún 1948. Gẹ̀ẹ́sì tó ń ra bààlúù lọ́wọ́ wọn ni kì í lè pe nǹkan ní nọ́ńbà lásán. Lọ́dún 1940, wọ́n ní kí ilé iṣẹ́ North American bá àwọn ṣe P-40 tí ilé iṣẹ́ mìíràn ń ṣe. Àwọn yẹn dáhùn pé àwọn lè ṣe èyí tó dára jù ú lọ. Edgar Schmued, ọkùnrin kan tí wọ́n bí sí Jámánì, ló ṣáájú àwọn tó yà á, nígbà tó sì di ọjọ́ 26, oṣù Kẹwàá ọdún náà, bààlúù ti wà lókè. P-51 ni Amẹ́ríkà ń pè é. Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ ní Mustang, ẹṣin ìgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò so mọ́lẹ̀. Ẹṣin Amẹ́ríkà ni, Gẹ̀ẹ́sì ló wá sọ ọ́ lórúkọ, Amẹ́ríkà sì gba orúkọ náà padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti Jàpáànù, kàlẹ́ńdà ló sọ ti wọn lórúkọ. Láti ìgbà tí wọ́n gbà pé ọba wọn àkọ́kọ́ gorí ìtẹ́ ni wọ́n ti ń ka ọdún, 1940 sì jẹ́ 2600 lọ́dọ̀ wọn. Bààlúù tí Mitsubishi gbé jáde lọ́dún náà gba òdo tó kẹ́yìn òǹkà yẹn: Zero. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó wà ní Australia kò mọ orúkọ tí ọ̀pọ̀ bààlúù Jàpáànù ń jẹ́. Frank McCoy, ọmọ Tennessee, ló ní kí wọ́n máa fún wọn lórúkọ àwọn ará oko ìlú òun: Zeke, Nate, Rufe. Ajagun á jẹ́ orúkọ ọkùnrin, ajubọ́ǹbù á jẹ́ orúkọ obìnrin. Wọ́n pe ọ̀kan ní Hap. Àṣé orúkọ tí gbogbo èèyàn ń pe Ọ̀gágun Arnold, olórí gbogbo ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà, nìyẹn. Wọ́n ní inú ọ̀gá kò dùn sí i. Kíá ni Hap di Hamp.

Ẹ jẹ́ ká fi orúkọ sílẹ̀ wàyí. Ká lọ sí Alaska.

Ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹfà, 1942, àwọn bààlúù Jàpáànù gbéra láti orí ọkọ̀ ojú omi Ryujo, wọ́n kọlu Dutch Harbor. Tadayoshi Koga, ọmọ ọdún 19, ló wa Zero kan nínú wọn. Ọta ba ibi tí òróró ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń gbà kọjá. Ó forí lé erékùṣù Akutan, níbi tí wọ́n ti pinnu tẹ́lẹ̀ pé kí ẹni tó bá níṣòro bà sí. Látòkè, pápá tó tẹ́ rẹrẹ ló rí, koríko tútù yọ̀yọ̀. Ó ju táyà sílẹ̀ láti bà. Àbàtà ni. Táyà rì, bààlúù dojú dé, ọrùn Koga sì ṣẹ́. Àwọn tó bá a rìn ní àṣẹ pé Zero tó bá já sílẹ̀ ọ̀tá, kí wọ́n yìnbọn bà á jẹ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa rí inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò mọ̀ bóyá ọ̀rẹ́ wọn ṣì wà láàyè nínú rẹ̀. Wọn kò yìnbọn. Wọ́n fò lọ.

Ní ọjọ́ 10, oṣù Keje, bààlúù Amẹ́ríkà kan tó ń ṣọ́ òkun rí i níbi tó dojú dé sí. Wọ́n hú u jáde nínú ẹrẹ̀, wọ́n gbé e gba orí omi lọ sí San Diego, wọ́n tún un ṣe. Eddie Sanders, ọ̀gá kan nínú ọmọ ogun ojú omi, ló kọ́kọ́ gbé e fò ní ọjọ́ 20, oṣù Kẹsàn-án. Kó tó di àárín oṣù Kẹwàá, ó ti fò ó nígbà 24.

Ẹ rántí pé ní gbogbo àkókò yìí, ìbẹ̀rù Zero ti wọ àwọn awakọ̀ Amẹ́ríkà lára. Wọ́n ní kò sí bààlúù tó lè yí po bíi tirẹ̀, òótọ́ sì ni. Sanders wá rí ohun tí òkìkí kò sọ. Bí Zero bá ti sáré kọjá bíi 230 máìlì ní wákàtí kan, ohun tó ń jẹ́ kó dà sí ẹ̀gbẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í le gan-an. Awakọ̀ á máa fi gbogbo agbára rẹ̀ fà á. Ó tún rọrùn fún un láti dà sí òsì ju ọ̀tún lọ. Èkejì: bí awakọ̀ bá ti imú rẹ̀ sísàlẹ̀ lójijì, ẹ́ńjìnnì á kú. Bí mọ́tò bá fi eré gun gegele, tí inú ẹni sì gbéra sókè, bẹ́ẹ̀ náà ni epo inú kábúrétọ̀ ṣe ń gbéra, tí kò ní dé inú ẹ́ńjìnnì. Ìmọ̀ràn tí wọ́n fún àwọn awakọ̀ wá ṣe kedere: ẹ má bá Zero yí po níbi tí eré kò ti pọ̀. Bó bá wà lẹ́yìn yín, ẹ rì sísàlẹ̀ lójijì, ẹ sáré, ẹ wá dà sí ọ̀tún. Kò ní lè bá yín.

Àwọn kan máa ń sọ pé Zero Koga yìí ni wọ́n wò ṣe Hellcat, bààlúù tó borí Zero lẹ́yìn náà. Irọ́ ni. Hellcat ti fò lóṣù Kẹfà ọdún 1942, kí ẹnikẹ́ni tó rí òkú bààlúù náà nínú àbàtà. Àyẹ̀wò náà gba ẹ̀mí àwọn awakọ̀ là. Ìyẹn nìkan ti tó, kò sí ìdí láti bu iyọ̀ sí i. Ní ti Zero náà, lóṣù Kejì ọdún 1945, bààlúù mìíràn tó ń rìn nílẹ̀ ní San Diego fi abẹ̀bẹ̀ imú rẹ̀ gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ.

Àrùn kábúrétọ̀ tó ń ṣe Zero yìí ń ṣe Spitfire àti Hurricane pẹ̀lú. Jámánì mọ̀ ọ́n, nítorí ẹ́ńjìnnì tiwọn ń fín epo tààrà, kì í lo kábúrétọ̀. Bí Spitfire bá ń lé wọn, wọ́n á kàn dorí kọ ilẹ̀ bìrí. Ẹ́ńjìnnì Spitfire á wúkọ́, wọ́n á sì bọ́. Obìnrin kan ló wo àrùn náà. Beatrice Shilling ni, oníṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilé ìwádìí bààlúù ìjọba ní Farnborough, tó ti fi alùpùpù sá ju 100 máìlì ní wákàtí kan lórí pápá ìdíje Brooklands. Irin pẹlẹbẹ kékeré tó ní ihò láàrin ló ṣe, tí wọ́n ń fi sójú ọ̀nà epo kí epo má bàa ya lù ú jù. Lọ́dún 1941 ó ń káàkiri ibùdó bààlúù pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀, wọ́n ń fi í sínú ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan láìtú u sílẹ̀. Irin náà ní orúkọ ìjọba, ṣùgbọ́n “ihò Miss Shilling” ni àwọn awakọ̀ ń pè é, wọ́n sì ń fi orúkọ náà ṣẹ̀fẹ̀ láàrin ara wọn. Obìnrin náà ti wà nílé ọkọ láti ọdún 1938. Kò sẹ́ni tó bìkítà, Miss Shilling náà ni wọ́n ń pè é.

Ní Farnborough kan náà ni wọ́n ti ń wá ìdí ohun mìíràn. Bí bààlúù ogun bá rì sísàlẹ̀ pẹ̀lú eré àsápajúdé, nígbà tó bá sún mọ́ eré tí ohùn fi ń rìn nínú afẹ́fẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kì í sì í gbọ́ràn sí ọwọ́ mọ́. Àwọn kan kú báyìí. Lóṣù Kẹrin ọdún 1944, Anthony Martindale mú Spitfire kan lọ sókè réré, ó dorí rẹ̀ kọ ilẹ̀. Eré rẹ̀ dé bí ìdá 92 nínú ọgọ́rùn-ún eré ohùn, ó lé ní 600 máìlì ní wákàtí kan. Abẹ̀bẹ̀ iwájú fà tu pẹ̀lú jíà rẹ̀. Bí ìwúwo iwájú ṣe lọ, ìdí fa imú sókè, bààlúù yọ padà sójú ọ̀run, Martindale sì dákú. Nígbà tó jí, ó ti wà ní òkè tó tó 40,000 ẹsẹ̀ bàtà, láìsí abẹ̀bẹ̀ iwájú. Ó rọra fi atẹ́gùn gbé e rìn bíi 20 máìlì, ó bà sí Farnborough láyọ̀, pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀rọ ìwọ̀n inú rẹ̀.

Mustang náà kó ipa tirẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ihò ńlá tí wọ́n fi ń fẹ́ atẹ́gùn lu àwòṣe bààlúù kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ bí eré bá ti sún mọ́ eré ohùn. Robert Gilruth wá ronú pé bí Mustang bá ń rì, afẹ́fẹ́ tó ń gba orí apá rẹ̀ kọjá ń sáré ju bààlúù fúnra rẹ̀ lọ, ó tilẹ̀ ń sáré ju ohùn lọ. Ó ri apá kékeré tí wọ́n fi ṣe àwòṣe mọ́ orí apá Mustang, ó ní kí awakọ̀ lọ rì. Bẹ́ẹ̀ ni ẹṣin ìgbẹ́ di ilé ìdánwò. Ìmọ̀ irú èyí ran àwọn tó ṣe Bell X-1 lọ́wọ́, bààlúù tí Chuck Yeager fi sá ju ohùn lọ ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, 1947. Yeager ti wa Mustang lójú ogun, ó sì kọ orúkọ Glennis, tó di ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn náà, sára rẹ̀. Ó tún kọ ọ́ sára X-1. Orúkọ yìí kò wà láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni.

Ó ku bààlúù kan, Black Widow, nítorí rẹ̀ ni mo ṣe sọ̀rọ̀ wá síbí.

Ilé iṣẹ́ Northrop ló ṣe é fún ogun òru: ẹ́ńjìnnì méjì, rédà nímú, ara dúdú kirikiri. Aláǹtakùn olóró kan ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, èyí tí wọ́n ní abo rẹ̀ ń jẹ akọ. Ogun kò pẹ́ tó dé ọwọ́ rẹ̀ tó fi parí. Ìjọba Amẹ́ríkà wá ní iṣẹ́ mìíràn fún un. Lọ́dún 1940, bààlúù èrò kan já nínú ìjì àrá ní Virginia, gbogbo èèyàn 25 inú rẹ̀ kú, tó fi mọ́ sẹ́nétọ̀ kan. Kò sí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkúùkù àrá gan-an. Àfi kí ẹnìkan wọ inú rẹ̀ lọ wò.

Horace Byers ti Yunifásítì Chicago ni wọ́n fi ṣe olórí iṣẹ́ náà. Ní Florida lọ́dún 1946 àti ní Ohio lọ́dún 1947, bí ìkúùkù bá ti ń ga, Black Widow márùn-ún á tò léra wọn, ọ̀kan ní 5,000 ẹsẹ̀ bàtà, òmíràn ní 10,000, títí dé nǹkan bí 25,000, wọ́n á sì wọ inú rẹ̀. Wọ́n sọ fún awakọ̀ pé kó má bá ìjì jà: bó bá gbé e sókè, kó lọ sókè, bó bá jù ú sísàlẹ̀, kó lọ sísàlẹ̀, kó ṣáà mú bààlúù dọ́gba. Yìnyín lù wọ́n, mànàmáná kọ lù wọ́n léraléra. Wọ́n wọ inú ìjì ju ìgbà 1,300 lọ, bààlúù kan kò sì já. Èmi kò mọ ìgboyà tó ju èyí lọ, kò sì sí ọ̀tá kankan níbẹ̀.

Ohun tí wọ́n rí ni pé ìjì àrá ní ìgbà èwe, àgbà àti arúgbó. Nígbà èwe rẹ̀, gbogbo atẹ́gùn inú rẹ̀ ń lọ sókè. Nígbà tó bá dàgbà, òjò á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, á fa atẹ́gùn tútù wálẹ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, tí òkè àti ìsàlẹ̀ á máa lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ibẹ̀ ló burú jù. Nígbà arúgbó, ti ìsàlẹ̀ nìkan ló kù, ìjì á rọ̀. Atẹ́gùn tútù tó máa ń ṣáájú òjò wọ àgbàlá yín, tó ń gbé aṣọ lórí okùn, atẹ́gùn tó ń bọ́ láti inú ìkúùkù wọ̀nyẹn náà ni. Bó bá dé ilẹ̀, ó ń fọ́n káàkiri.

Ní Jàpáànù tí ogun ṣẹ́gun, ọ̀dọ́ onímọ̀ kan, Tetsuya Fujita, ti rí atẹ́gùn tó ń bọ́ sísàlẹ̀ yìí fúnra rẹ̀ lórí òkè Seburi lọ́dún 1947. Inú ìdọ̀tí tí àwọn ará Amẹ́ríkà dà nù níbi rédà wọn ni wọ́n ti rí ìwé Byers, ìwé náà sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó kọ̀wé sí Byers. Lọ́dún 1953, Byers mú un wá sí Chicago. Fujita yìí ló wá ṣàlàyé, lẹ́yìn tí bààlúù kan já ní New York lóṣù Kẹfà ọdún 1975, pé atẹ́gùn yìí lè bọ́ lulẹ̀ lójú kan péré pẹ̀lú agbára tó lè ti bààlúù tó ń bà tàbí tó ń gbéra mọ́lẹ̀. Lónìí, wọ́n ń kọ́ awakọ̀ èrò gbogbo nípa rẹ̀.

A mọ ohun tó lè ṣe nílẹ̀ wa. Ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹwàá, 2006, bààlúù kan gbéra ní Àbújá nígbà tí ojú ọjọ́ ti bàjẹ́. Kò pẹ́ tó gbéra tó fi já. Èèyàn 96 inú rẹ̀ kú, Sultan Sókótó, Muhammadu Maccido, wà lára wọn. Ìwádìí dẹ́bi fún ìpinnu láti gbéra nínú ojú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń wọ bààlúù ní Ìkẹjà, bí wọ́n bá ní kí ẹ jókòó nítorí ìjì ń bọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe lọ yí òṣìṣẹ́ wọn po kí ẹ máa pariwo lé e lórí. Awakọ̀ tó kọ̀ láti gbéra mọ ohun tó ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí ìjì náà kọjá.